Ṣọ́bìrì Melitón Lórí Ilẹ̀ Àjọ Omi

                                                            Los Chopos,
                                                            Níú Mẹ́síkò.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, 1937.

Abrán, àbúrò ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé tí ọkọ̀ ojú irin ti gbé ọ padà síbi iṣẹ́ èédú. Ọjọ́ kejì ìsìnkú Melitón ẹ̀gbọ́n rẹ lo lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣì í kà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ Delfina ńkọ́? Ikọ́ rẹ ńkọ́, ṣé o ń mu ewé tí mo dì sínú àpò rẹ, àbí o ti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ? A dúpẹ́ níbí. Eyín iwájú Ninfa méjèèjì ti yọ. Cleofes ṣì máa ń gbé àwo bàbá rẹ̀ sórí tábìlì. Mi ò bá a wí, mo kàn ń gbé e kúrò tó bá ti sùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa létí odò ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n gbàgbé rẹ̀, kí n kó àwọn ọmọ wá bá yín lọ́hùn-ún. O ní ohun tí àjọ omi tó ń bójú tó odò yìí bá ti gbẹ́sẹ̀ lé nítorí owó orí ilẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Mi ò bá ọ jiyàn. Ohun tí Melitón kò rí san nígbà tó wà láyé, kí ni èmi fẹ́ fi san án?

Àṣé àjọ kì í ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n máa ń fi í háyà ni, kí igbó má baà bò ó, kí iyanrìn má sì dí kòtò tó ń gbé omi odò lọ sí oko gbogbo wa, tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Teófilo pé ẹni tó bá fẹ́ háyà kó wá síwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù Kẹrin, àti pé ẹni tó bá lè fi hàn pé òun yóò tọ́jú ilẹ̀ àti kòtò ni wọn yóò fún. Teófilo fúnra rẹ̀ ló kà á sí mi létí. Ó ní òun fẹ́ máa da àgùntàn síbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ninfa, má da ara rẹ láàmú. Àwọn àgùntàn mi á bá ọ jẹ ẹ̀gún rẹ̀ tán.”

Mo rántí igi èso mẹ́fà tí bàbá yín gbìn sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà. O mọ bí àgùntàn ṣe ń bó èèpo igi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Síbẹ̀ mo gbà pé òótọ́ lo sọ. Nígbà tí ọjọ́ kíkó kòtò pé láàárín oṣù Kẹta, tí gbogbo onílẹ̀ máa ń wa iyanrìn inú rẹ̀ kúrò, mo gbé ṣọ́bìrì Melitón lọ sí orísun kòtò, pé kí n fi fún Bàbá Crescencio, olórí kòtò, kó fún ẹni tí kò bá ní.

Àwọn ọkùnrin ti tò sábẹ́ igi ńlá yẹn. Bàbá Crescencio ń ka orúkọ nínú ìwé rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ń gbé sún mọ́ imú kó tó rí i kà. Bó ṣe ń pe gbogbo àwọn tó ní ilẹ̀ ló pe Melitón. Kò tíì fagi lé e. Bàbá náà mọ ohun tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gègé tí yóò fi fagi lé e. Abrán, mi ò gbèrò rẹ̀. Ẹnu mi ló kàn là, tí mo sọ pé, “Ó wà níbí.”

Teófilo ní, “Ṣé òkú náà ti ń jẹ́ ìpè ní Los Chopos?”

Ọmọkùnrin Prisciliano aládùúgbò wa ní, “Ìyá, ẹrẹ̀ á ba síkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ o.”

Mo ní, “Ẹrẹ̀ yìí ti mọ̀ mí kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ni Bàbá Crescencio bá fi ọ̀pá wọn ìpín kòtò tí n ó wà fún mi bíi ti gbogbo ọkùnrin, kò fi ìka kan dín in. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wa iyanrìn. Ní ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi bó. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ibi méjì wà lára igi ṣọ́bìrì náà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ti dán títí tó fi jin wọnú. Mo gbé ọwọ́ mi síbẹ̀. Iṣẹ́ náà rọ̀ mí lọ́rùn láti ìgbà náà.

Mo wá sọ fún ara mi pé ẹni tó ti wa kòtò ò ní kú tó bá dé ọ́fíìsì àjọ láti béèrè ilẹ̀. Ọjọ́ Ajé pé, mo wọ aṣọ dúdú mi, mo lọ. Èmi àti Teófilo nìkan ló fẹ́ ilẹ̀ náà. Ọ̀gá àjọ, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Haskell, béèrè ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó ti di tiwọn.

Teófilo ní, “Ta ni ì bá tọ́jú ẹ̀, ọ̀gá? Ẹni tó ni ín ti kú.”

Bàbá Crescencio dìde láti ẹ̀yìn, ó ká fìlà mọ́wọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ta ló ni ilẹ̀ yẹn báyìí?”

Haskell ní, “Àjọ ni.”

“Ó dáa. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí kòtò gbọ́dọ̀ rán ṣọ́bìrì kan wá lọ́jọ́ kíkó kòtò. Fadá pàápàá ń rán tiẹ̀. Mo wo ọ̀nà títí, mi ò rí ṣọ́bìrì àjọ.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Etí Haskell pọ́n. Ó béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò bá rán.

“A máa ń ti ilẹ̀kùn omi rẹ̀ ni, títí yóò fi wá. Òfin yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi.”

“Ṣé ẹ ti ti tiwa?”

“Rárá o. Ìyàwó Melitón tó jókòó yẹn ló jẹ́ ìpè fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wa iyanrìn yín, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó na ọwọ́ ẹ̀ kí ẹ rí i.”

Mo na ọwọ́ mi. Teófilo ń wo bàtà rẹ̀. Haskell bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ gbìn, mo ní àgbàdo, ata àti ẹ̀wà, mo sì ní mi ò ní jẹ́ kí ẹran kan dé ìdí igi èso. Òun àti àwọn ìgbìmọ̀ forí korí, kò pẹ́ rárá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún mi! Ìpín díẹ̀ nínú ìkórè ni n ó máa fún wọn. Tí mo bá ṣe é dé òpin, wọn yóò kọ ilẹ̀ náà padà sí orúkọ ìdílé wa. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé èmi ni n ó máa dúró fún àjọ nínú kòtò. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀ ní kíkún, mi ò tẹ ìka.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo ṣí ilẹ̀kùn omi. Àwọn ọmọ sáré ṣíwájú omi láìwọ bàtà, títí dé ìdí igi bàbá yín. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Mo tẹ̀ ẹ́, Abrán. Títí dé orúnkún.

Bá mi kí Delfina àti àwọn ọmọ. Sọ fún un pé mo dúpẹ́ fún yàrá tó ti tún ṣe dè wá, ṣùgbọ́n kó fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀. Prisciliano àti aya rẹ̀ ní kí n kí ọ.

Bàbá Crescencio wá sílé lálẹ́ àná pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun fagi lé orúkọ Melitón, kí òun kọ tèmi síbẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n bá pè é, n ó máa jẹ́.

Èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Eufelia