Ẹnì Kan Tó Ń Ṣẹ́kù Nínú Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ Sátidé.

Ayọ̀midọ̀tun ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ìṣirò ní Ìkàrẹ́ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé kì í ṣe bisikíìtì nìkan lo fi ń gbé ikùn dúró. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Marwa tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkàrẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí bí mo bá ti gbé fóònù báyìí, bàbá rẹ á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ọkùnrin kan gbé lọ́nà oko, kò sẹ́ni tó ń dá lọ sóko mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ àáró àdúgbò wa ti para pọ̀ di ọ̀kan, bàbá rẹ sì ni olórí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Tí wọ́n bá dé oko, wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á kọjú sí ebè tirẹ̀.

Wọ́n pín in ní méjì méjì, ẹnì kan ṣẹ́kù. Mẹ́ta mẹ́ta, ẹnì kan ṣẹ́kù. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, ẹnì kan náà ló ń ṣẹ́kù! Mo ṣe bí wọn ò mọ̀ ọ́n kà ni. Mo da àgbàdo sílẹ̀, mo pín in títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, hóró kan ò yéé wò mí lójú. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí o sọ nígbà Kérésì, pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí ohun tó lè pín wọn tán àfi ọ̀kan àti àwọn fúnra wọn. Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ lẹni tó ń ṣẹ́kù. Àwọn fúnra wọn ló ní àwọn ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀, ni wọ́n bá ń dá jókòó ní oríta oko, tàwọn ti fèrè, wọ́n ń ṣọ́nà. Wàá ní kí ọ̀wọ́ kan gbà wọ́n mọ́ra. Mo sọ bẹ́ẹ̀! Oyèbọ̀dé, igbákejì olórí, fò sókè, ó ní ọwọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú àáró, kí ọ̀wọ́ kan má baà tètè ṣe tán kí wọ́n máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀mí èèyàn ń bẹ níta, ebè ni wọ́n ń rò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn géńdé kan tí a ò mọ̀ rí gun ọ̀kadà dé oríta náà. Wọ́n bi bàbá rẹ pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí?" Bàbá rẹ ní rárá, àwọn pọ̀. Àwọn yẹn wò yíká, wọ́n sì lọ. Ẹ̀rín ni bàbá rẹ ń rín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n omi inú ife wọn ń dà sí wọn láyà.

Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà ń bá wọn lọ. A ó di méjìlélọ́gọ́ta, méjì méjì á sì pín in tán. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kí n jókòó sílé máa fetí sí ẹnu ọ̀nà, ìyẹn le jù fún mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ojú rẹ ò ní rí ibi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa gbé ọ ga, wàá sì bá wa láyọ̀ nígbàkígbà tí o bá wálé.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Bridget.

Àfikún: Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé kí n tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ Oyèbọ̀dé wú, kò ní lè lọ. A tún ti di mọ́kànlélọ́gọ́ta! Bàbá rẹ ti ń wá fèrè wọn kiri. Mo ti fi fèrè náà kọ́ ọrùn ara mi. Mo ní àlùfáà ti so wá di ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹgbẹ́ ka àwa méjèèjì sí ẹnì kan. Ọgọ́ta nìyẹn, kí wọ́n pín in bó ṣe wù wọ́n.