Yàrá Kan Dípò Méjì ní Akanran

Ọjọ́bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́

Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lónìí, níbi tí a ti ń kọ́lé ní Akanran, pé ilé oníyàrá méjì tí a ṣèlérí fún wọn ti di oníyàrá kan. Sìmẹ́ńtì ti wọ́n kọjá agbára wa, báńkì tó sì ní òun á yá wa lówó kò sọ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n pariwo lé mi lórí dáadáa. Mi ò bá wọn wí.

Ìyá Ràfíátù nìkan ni kò pariwo. Aránṣọ ni, inú yàrá kan tó ń jò ní Adégbàyí lòun àti ọmọ mẹ́rin ń gbé. Ó wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé tí a ò tíì kan páànù lé, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ dùbúlẹ̀."

Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí yanrìn, wọ́n to ara wọn. Òun náà dùbúlẹ̀ tì wọ́n. Ẹsẹ̀ Ràfíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ìyá Ràfíátù, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn yanrìn kúrò lẹ́yìn àwọn ọmọ náà.

"Ó gbà wá, Bàbá Akọ̀wé," ló wí. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kó tún kéré sí i."

Mo ní kò ní kéré sí i, Ìnṣá Àlláhù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.