Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìwé Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Èmi, Ignace Òkè, ọmọ bíbí Kèrè lẹ́bàá Dassa-Zoumè, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé, kò sì sí ẹni tó dúró lé mi lórí. Yorùbá inú ìwé ni mo fi kọ ọ́, nítorí Faransé yóò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjọba, n kò sì mọ bí a ṣe ń kọ Ìdáàṣà, èdè ilé wa, sílẹ̀.

Mo yan Cyprien, àkọ́bí mi, àti Théodore, olùkọ́ tó rọ́pò mi, láti mú un ṣẹ. Kí wọ́n kà á sókè lójú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú kíláàsì. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹsẹ kẹrin.

Èkínní. Ilé tí mò ń gbé di ti Dorothée aya mi títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lé e kúrò nídìí ààrò rẹ̀. Ó ti fara da ìdákẹ́jẹ́ mi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, èyí sì le ju iṣẹ́ oko lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé n kò sọ ọ́ tó.

Èkejì. Oko iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ọkọ́ mẹ́ta àti àdá méjì di ti Cyprien. Kẹ̀kẹ́ mi di ti Théodore. Ìjánu ẹ̀yìn rẹ̀ kò mú. Kí ó má sọ pé n kò kìlọ̀.

Ẹ̀kẹta. Ewúrẹ́ mi márààrún di ti Zéphirin, àbúrò mi. Gbogbo ẹbí mọ̀ pé ọdún méjì ni n kò fi kí i, nítorí pé òbúkọ rẹ̀ wọ kíláàsì lọ́jọ́ tí mò ń nu àwọn ìwé, ó sì jẹ èèpo ẹ̀yìn ọ̀kan. Ọ̀ràn náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, òbúkọ yẹn àti ọmọ kan tí n ó dárúkọ níwájú nìkan ló rí nǹkan jẹ nínú àpótí náà. Zéphirin, má bínú mọ́.

Ẹ̀kẹrin. Àpótí ìwé. Fadá kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún mi ní 1957, ó ní kí àwọn ọmọ Kèrè máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Mo ra àgádágodo, mo so kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, mo sì ya ìwé kékeré kan sọ́tọ̀ fún orúkọ àwọn tó bá wá yá ìwé. N kò yá ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá béèrè, màá ní kí ó na ọwọ́ rẹ̀ kí n wò ó, màá sì rí ìdọ̀tí níbẹ̀, nítorí ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń kó àwọn ìwé náà síta tí mò ń kà wọ́n: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Fadá ní kí a kà wọ́n, mo sì kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Apá tí kò wúlò ni mo dì mú.

Ní oṣù kejì 1959, ìwé kan dín. Lucienne ló mú un, ọmọ Léonard alágbẹ̀dẹ, ọmọ ọdún méjìlá. Mo bá a lọ́wọ́ rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, epo pupa sì wà lójú ìwé kọkànlélógójì. Ẹ̀sùn méjì ni mo kà sí i lọ́rùn: ó jí ìwé, ó sì ń fi èdè ilé sọ ohun tí a fi Faransé kọ. Mo nà án lábẹ́ igi máńgòrò yẹn lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Kò padà wá mọ́. Kò sì sí ọmọ tó tún béèrè ìwé lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ìyá bàbá rẹ̀ ti fọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, ìdí oúnjẹ ni Lucienne ti ń kà á, tí ó ń fi Ìdáàṣà sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Ìtàn obìnrin kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù ni. Ojú ìwé kọkànlélógójì ni wọ́n dé tí mo fi gbà á. Ìyá àgbà kú ní oṣù tó tẹ̀lé e, láìmọ̀ bóyá obìnrin náà rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ó béèrè lọ́jọ́ tó kú. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí, ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbé àpótí náà wá sílé, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n yá ẹnikẹ́ni ní ìwé. Èmi ni mo jẹ̀bi. Kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ lábẹ́ igi kan náà.

Nítorí náà, àpótí, ìwé àti kọ́kọ́rọ́ di ti Lucienne, kí ó máa ṣe àkóso wọn ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ìwé lọ sílé, kí ó fi Ìdáàṣà sọ ọ́ fún ará ilé rẹ̀, kí ó tó gba òmíràn. Bí ọdún bá yí po tí gbogbo ìwé ṣì mọ́ tónítóní, ẹ kò ṣe ìfẹ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ránṣẹ́ sí i, kò dáhùn. N kò dá a lẹ́bi. Bí ó bá kọ kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ má wá ẹlòmíràn. Kí Léonard tú ìdérí àpótí náà dànù, kí ó sì fi irin àgádágodo rọ ohun tó bá wù ú.

Ẹ̀karùn-ún. Mísà kan àti pósí kan ti tó fún mi. Kí ẹ má pa màlúù.

Mo fọwọ́ sí i ní Kèrè, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, ọdún 1968.

Ignace Òkè

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ràmọ́nù Jímọ̀, aláṣọ ní ọjà Dassa
Évariste, olórí akọrin ìjọ wa

Àfikún, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà, lójú àwọn ẹlẹ́rìí kan náà.

Lucienne wá lónìí. Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, kò gbà á. Ó ní kí n yá òun ní ìwé tó lépo. Mo gbé ìwé orúkọ kékeré yẹn jáde, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì gba ọ̀nà ibojì ìyá àgbà lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ka àwọn ìwé náà. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n. N kò ti àpótí náà.

I. Ò.