Má Tíì Wá Gbé Bàbá Rẹ Lọ

Ìyá Kékeré mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ara àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Àwa níbí, a jí, a jẹun, a tún ń rẹ́rìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá. Mo gbàdúrà pé kí ilé tù ọ́, kí ọ̀nà tù ọ́, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú rere wò ọ́, kí o má sì fi ẹkún sùn mọ́. Mo mọ̀ pé o ń sunkún, ìyá kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé lórí fóònù, ìwọ nìkan lo máa ń sọ̀rọ̀, kí èmi sì tó la ẹnu, owó inú rẹ̀ á ti tán. Lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó lọ bá onímọ́tò sọ ohunkóhun, nítorí o ní tí o bá ti gba ìsinmi báyìí, o máa wá gbé bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ, pé kí a ta maṣíìnnì ìránṣọ wọn, pé wọ́n ti ń ṣarán. O ní o pè wọ́n, o sọ orúkọ rẹ, “ta nìyẹn, ta nìyẹn” ni wọ́n ń sọ títí o fi gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi nìkan lo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń wo fóònù náà tó bá ń dún, wọ́n á sì gbé ojú kúrò.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ti ń bà mí kí ó tó bà ọ́. Bàbá rẹ, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń tò sí lẹ́nu ọ̀nà, ó di pé wọ́n rán apá òsì méjì sí ẹ̀wù kan ṣoṣo fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò lọ sí ìpàdé mọ́. Ènìyàn á kí wọn láti ojú títì, wọn ò ní dáhùn, àwọn kan ti ń sọ pé wọ́n ń gbéra ga. Tí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ni mo bá dá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, mo bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá oògùn wà tí wọ́n lè fún ènìyàn kí iyè rẹ̀ má baà ra. Ọmọ náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀. Ó ní kò sí hóró kan báyìí tí òun lè fún mi kí n fi omi gbé e mì kí ó sì tán síbẹ̀, òun ò sì ní ṣèlérí ohun tí òun ò lè ṣe, torí ọjọ́ orí wà nínú ẹ̀, ìran wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa, kí n mú bàbá rẹ wá.

Bí a ṣe dé ibẹ̀, ó fi nǹkan kan wé apá wa, nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń fún ènìyàn lápá bíi ẹni tó gbá olè mú. Nọ́ńbà jáde. Ti bàbá rẹ ga, tèmi ga ju tiwọn lọ, ó ga ju ti gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ. Inú mi dùn, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, mi ò gba ipò kìíní rí nínú ohunkóhun. Mo dìde, mo yí sí àwọn ará bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n má bínú, pé bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan tiẹ̀ kí mi kú oríire. Nọ́ọ̀sì ní ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ jókòó, ẹ má tíì jó, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, kì í ṣe máàkì. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe dẹni tó ń lo oògùn láràárọ̀, tí a sì dín iyọ̀ kù. Ó ní ohun tó bá ń yọ ọkàn lẹ́nu ń yọ ọpọlọ lẹ́nu náà.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó ní kí n rí i pé ọpọlọ bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́, kí ó má kàn jókòó lásán. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, iṣẹ́ wo ni mo lè wá fún ọpọlọ? Ọgbọ́n wá sọ sí mi nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan wọn pamọ́. Mo ju fìlà wọn sínú korobá, mo gbé síṣọ́ọ̀sì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo kó ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ sínú ìkòkò. Wọ́n á wá a títí, wọ́n á máa kùn, bí wọ́n bá sì ṣe ń bínú sí i ni inú mi ń dùn sí i, mo ní ẹ wò ó, ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ fún wọn o. Àfi ọjọ́ tí Baba Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì wá bá mi, tó ní bàbá rẹ sọ fún òun pé, “Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ, mo ti ń ṣarán, torí ibi tí mo bá gbé nǹkan sí, kì í sí níbẹ̀ mọ́.” Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ wọ awò ojú mi kí n sáré lọ bá nọ́ọ̀sì, mi ò rántí ibi tí èmi fúnra mi gbé e pamọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, ó gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbé orí sókè, ó nu ojú, ó ní rárá o, ìyá, kí n fi gbogbo nǹkan sí ojú kan tí wọ́n mọ̀, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń fẹ́ ni kí ènìyàn kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì wà láàárín ènìyàn, kì í ṣe kí ìyàwó máa jà á lólè. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá rẹ wò mí títí, wọ́n ní àṣé ìwọ ni, wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Nọ́ọ̀sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré yẹ etí wọn wò. Àwòrán dúdú tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, tí o ní kí ni èyí, etí bàbá rẹ nìyẹn, mo gbé fóònù sí i kí ìwọ náà lè bá wa wò ó. Ìdọ̀tí ti dí etí méjèèjì pa. Ó ní kí a máa kán òróró sí i, ó wá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Bí a ṣe jáde sójú títì, bàbá rẹ dúró gbagidi, wọ́n ní kí ló ń dún báyìí, mo ní bàtà yín ni. Nílé, wọ́n tẹ maṣíìnnì, wọ́n ní àṣé bó ṣe ń ké nìyí, wọ́n sì da epo sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ń fọ abọ́, mo ń kọrin, wọ́n ní ohùn mi ń já níbi tó yẹ kó gòkè. Mo dákẹ́. Wọ́n ní kí ló dé, kí n máa kọ ọ́ lọ, ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí kò bá gbọ́ràn dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ènìyàn, ọpọlọ á sì máa sùn. Etí ọ̀tún ti là, ṣùgbọ́n ti òsì ò tíì gbọ́ tó, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ. Etí òsì yẹn ni wọ́n máa ń gbé fóònù sí, ọmọ mi, torí ọwọ́ ọ̀tún kì í fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ohùn rẹ ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti lọ o, wọ́n ṣì ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, nọ́ọ̀sì sì ní òun á máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni ẹni tó gbàgbé ọmọ.

Ìrìn náà tún wà. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa rìn láràárọ̀, kí ó yá díẹ̀, ó ní a ó mọ̀ pé ó yá tó tí a bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí a ò lè kọrin. Ìwọ náà mọ̀ pé mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kí n tó bí ọ. Mo gbé orin, ó jáde geere, mo ní baba, a ò tíì yára tó. A fi kún un, mo tún gbé e, ó tún jáde. Bí a ṣe di ẹni tó ń sáré nìyẹn. Baba Oníbúrẹ́dì jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní ta ló ń lé wa, mi ò lè dáhùn torí mi ò tíì parí ẹsẹ orin náà, ló bá gbé igi gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ó sáré tẹ̀ lé wa kí ó lè gbà wá sílẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì sáré tẹ̀ lé e torí wọn ò tíì gba búrẹ́dì. Nígbà tí a dé iwájú ilé ìwòsàn, a ti pọ̀ bíi àwọn tó fẹ́ lọ fẹ̀hónú hàn. Nọ́ọ̀sì yọjú lójú fèrèsé, ó ní bàbá ni kí ó máa kọ orin náà, kì í ṣe èmi. Àwọn ènìyàn yẹn ò sì padà lẹ́yìn wa mọ́, gbogbo wa là ń rìn láràárọ̀ báyìí, àwàdà bàbá rẹ ló ń mú wa dé ilé. Bàbá rẹ náà ti wọ ẹgbẹ́ akọrin wa, torí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́ ohun tuntun. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò wọ́n sí. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni pé tí wọ́n bá mọ orin kọ tán, a ó tún máa sáré.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni kò tíì yanjú. Mo bá díẹ̀ nínú agolo bọ́tìnnì wọn. Mo gbà á, wọ́n ní bọ́tìnnì funfun ni.

Ìyá Kékeré, sọ fún mi, nílé rẹ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, tí gbogbo yín á ti ìlẹ̀kùn láàárọ̀, tí ẹ ó gba ibi iṣẹ́ lọ, ta ni bàbá rẹ á máa bá sọ̀rọ̀? Tẹlifíṣọ̀n kì í dáhùn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá kó wọn kúrò nídìí maṣíìnnì, ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ gan-an ni wọn ó ti sọnù.

Láàárọ̀ àná, mo bá wọn tí wọ́n tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run sórí tábìlì. Mo ní ta ló ni ín, wọ́n ní Ìyá Kékeré ni. Wọn ò mú téèpù, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fà á lọ bíi pé o dúró níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n dé èjìká, wọ́n fa ti òsì wálẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo rántí ẹ̀wù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo rọra ní baba, èjìká yìí ò dọ́gba. Wọn ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n ní ti ọmọ náà ni kò dọ́gba, láti kékeré ló ti ń fi èjìká òsì gbé báàgì ìwé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Èmi tí mo bí ọ, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún ayọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Nítorí náà, máa bọ̀. Mú bàtà kànfáàsì wá fún àwa méjèèjì, tèmi kí ó lágbára torí eré, kí o sì fi ohun tó bá yọ lọ́wọ́ rẹ ràn wá lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ etí òsì. Tí o bá fẹ́ pè kí o tó wá, sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé fóònù sí etí ọ̀tún. Tí o bá dé, wọ aṣọ náà wò. Tí kò bá bá ọ mu, gbé bàbá rẹ lọ, mi ò ní sọ̀rọ̀. Tó bá bá ọ mu, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ mọ ìrísí rẹ bí bàbá rẹ ṣe mọ̀ ọ́, o ò ní wá ohun rere tì. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni, ìyá rẹ, ẹni ipò kìíní.

Mo fẹ́ gbàgbé: bàbá rẹ ò mọ̀ pé mo bá ọ ṣe àdéhùn aṣọ yìí o. Jọ̀ọ́, dákun, má sanra kí o tó dé.