Gìtá béèsì tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo kú

Egan, lẹ́yìn Ìgandò,
Oṣù Kọkànlá, 1991.

Ọmọ mi Akínbọ́lá,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ̀wé yìí sí ọ, èmi tí mo kú, tí mo dé ọ̀run, tí mo bá àwọn áńgẹ́lì pẹ̀lú hàápù nìkan láìsí béèsì kankan nínú orin wọn, tí mo sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa padà sí Egan. Láti Ìdímù títí dé Command, kò sí ẹlòmíì tí gìtá béèsì ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Láìpẹ́ yìí mo ta okùn kan péré, adìẹ Ìyá Táyéwò yé ẹyin lórí ìdúró. Gbogbo ohun tí mo ṣe láyé àkọ́kọ́ ni mo sì rántí, tó fi dórí ìgbà tí ìwọ ń tọ̀ sórí ẹní, àmọ́ n kò ní sọ ìyẹn létí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní wáfù.

Má wò ó pé mo ń pè ọ́ lórúkọ. Ìwọ fúnra rẹ lo fà á. Kò pẹ́ tí wọ́n sìnkú tán ni ìyàwó rẹ bí mi, o sọ mí ní Babátúndé, o dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, o ní Bàbá káàbọ̀. Títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí, Bàbá mi lo ń pè mí. Ìyá rẹ, Àyìnkẹ́, ọkọ mi ló ń pè mí, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló sì ń bù sí mi lábọ́, kí àwọn ọmọ yòókù máa wò.

Ṣé dáadáa lo wà ní Àpápá? Ìyàwó rẹ tó wá di ìyá mi nígbà tí mo padà dé ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹrù tí wọ́n fi kréènì gbé sókè ò ní já lé ọ lórí, ọ̀gá tó bá fẹ́ dá ọ dúró, inú á run ún títí yóò fi gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Àmín.

Ilé wà bó ṣe wà. Iná mànàmáná ti dé Egan, àmọ́ ó máa ń yọjú lásán ni, bí ẹni tó ṣi ilẹ̀kùn kàn. Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Ìkòtún pé kí n fi tẹlifóònù bá ọ sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní kí n mú nọ́ńbà wá. Mo ní Akínbọ́lá ni, ó wà ní Àpápá, ó ní irùngbọ̀n díẹ̀, tí ẹ̀rọ náà bá ti débẹ̀ kó béèrè. Ó ní kí n máa lọ sílé jàre. Ẹ̀rọ tí kò lè béèrè ọ̀nà, kí ni wọ́n rà á fún? Nígbà tí mo kú kò sí irú ẹ̀ ní àdúgbò wa, nítorí náà ẹ̀bi mi kọ́.

Ọ̀rọ̀ gìtá mi tí mo fi sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ ni mo fẹ́ sọ ṣá. O mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá máa ń gbé, ọrùn rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ń dúró sí, débi pé tí mo bá ti gbé ọwọ́ síbẹ̀, ọwọ́ náà á mọ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Okùn rẹ̀ ti dúdú. Ohùn rẹ̀ kì í tàn, ó máa ń rọra dún dùù, dùù, bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Tí mo bá gbé e kọ́rùn, èjìká mi á fẹ̀. Tí mo bá sì ṣi okùn tẹ̀, kò ní tú mi fó, á kàn kùn ún sínú, á dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fura mo ti wà níbòmíì. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n rà, mo ti gbé e rí, bí agogo ló ń ké, n kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìkórè wá dé, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè wa máa pàdé ní Ìkòtún. Báyọ̀dé tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní kí olúkúlùkù nu ohun èlò rẹ̀ kó dán. Mo sọ gìtá kalẹ̀, mo fi kẹrosíìnì nù ún. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkísà kan lábẹ́ okùn, nítòsí ìdí gìtá, ó ti gbó, ó ti dọ̀tí, ó fún pinpin síbẹ̀. Mo ní eku ló kọ́lé síbẹ̀. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan fà á yọ, mo jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń yan gààrí. O lè ní ṣèbí mo ní mo rántí gbogbo nǹkan. Ikú máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé nǹkan kéékèèké.

Ní Ìkòtún, wọ́n ki wáyà gìtá bọ àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Mo ta okùn àkọ́kọ́, ó dún, kò dákẹ́. Mo ta èkejì, àkọ́kọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta bá wọn dá sí i. Gbogbo wọn ń pariwo lé ara wọn lórí bí ayálégbé tó ń jà sí kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀. Mo rò pé àpótí ló ń dá tiẹ̀ sọ, mo fẹsẹ̀ tì í, ó tún ké sí i. Gbogbo àṣìṣe tí gìtá yẹn ti ń bá mi bò láti ọjọ́ yìí jáde síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka mi di igi. Orin tí mo lè ta lójú oorun, mo ń tá ràrà láàárín rẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Báyọ̀dé na ọwọ́ sí mi pé kí n fi sílẹ̀. Wọ́n kọrin yòókù láìsí béèsì, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Nùrẹ́nì ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ pé ìrẹsì ìkórè ló bá wá, ní òun ò mọ̀ pé Bàbá ti tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Àyìnkẹ́ wà níwájú. Ó ti sọ fún gbogbo obìnrin ìjókòó rẹ̀ pé ọkọ òun ló máa ta béèsì. A padà délé. Nígbà tó jókòó, ó wo gìtá, ó bi mí pé aṣọ abẹ́ rẹ̀ dà. Ó ní nígbà tí ọkọ òun gbé gìtá náà dé láti Èkó, híhó rẹ̀ ò jẹ́ kí àbúrò rẹ Olúfúnkẹ́ sùn, ó ṣì wà lọ́mú nígbà náà, òun wá ya ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí ìró ìgbéyàwó òun, ọkọ òun fi há abẹ́ okùn, kò sì yọ ọ́ títí ó fi kú. Ó ní ṣé ọkọ òun rántí. Mo ní mo rántí. Ó ní àwọ̀ wo ni ìró náà. Mo ní aró ni.

Kò bá mi jà. Ó kàn ní, Simeon, lọ gbé abọ́ rẹ wá. Bàbá, láti ọjọ́ náà Simeon ni mò ń jẹ́, orúkọ ìrìbọmi mi tí ẹnikẹ́ni ò pè nínú ilé yìí rí, ọrùn adìẹ ni wọ́n sì ń bù fún mi bíi ti àwọn yòókù. Ẹ má bínú, n kò lè pè yín lórúkọ mọ́, ojú ń tì mí.

Mo ti ki ìbọ̀sẹ̀ iléèwé mi sábẹ́ okùn. Ohùn náà padà. Nùrẹ́nì ní kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ tí mo bá gbé e kọ́rùn, èjìká mi ò fẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ ni. Mo yọ́ wo ìsàlẹ̀ àpótí Ìyá Àgbà, ìró náà ṣì wà níbẹ̀, pupa ni, etí rẹ̀ kan ò sì pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ni ọmọ wọn, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya díẹ̀ fún mi sí i, kò ní ju ìbú ìka méjì lọ. Kò di dandan kí wọ́n torí rẹ̀ pè mí ní ọkọ mọ́. Kí wọ́n kàn fún mi. Tí owó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú díẹ̀ dání kí n fi ra ẹran tó tóbi, kí n bù ú sí tiwọn lábọ́.

Àdúrà tí mo ṣe lókè, n kò ní ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí kí ẹ ṣe é fún mi, n óò kúnlẹ̀, n óò sì ṣe àmín.

Adìẹ Ìyá Táyéwò ti fẹ́ yé tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ tọ̀ sórí ẹní rí. Béèsì tí mo ní mò ń ta, mò ń ta á lóòótọ́, àmọ́ gìtá ló ń bò mí láṣìírí. Èyí tí mo parọ́ rẹ̀ pátápátá ni ìrántí. N kò rántí nǹkan kan rí.

Ọmọ yín,
Simeon.