Mo Fọ Àwòrán Àyà Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi ọkùnrin,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mi ò bẹ tíṣà, torí yóò máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́, fojú nà án.

Àbúrò rẹ kò lọ síbi ìfọ́kùúta mọ́. Mo mọ̀ pé o rò pé òtútù lásán ni. Lọ́jọ́ tí o pè, mo gbé fóònù lé e láyà kí o fi etí ara rẹ gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù lórí yanrìn, ìwọ ń pariwo hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, o sì pa á. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì ọ́.

Dókítà ya àwòrán inú àyà rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní kí n wò ó. Funfun wínníwínní kún ibẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Ó ní eruku òkúta ni, ó ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè kó o jáde. Mo ní rárá o. Ibi iṣẹ́ ni àbúrò rẹ ti lọ sí ọsibítù tààrà, pẹ̀lú eruku lára, ṣé eruku ò ní hàn nínú fọ́tò ni? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, omi kẹta ni eruku òkúta máa ń tán. Èmi ni dókítà ìyẹn.

Mo gba àwòrán náà, mo rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, mo fi kànìnkàn fọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, Màmá, ẹ má da ọṣẹ yẹn nù o, ẹ ó fi fọ èmi náà. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ ò sì jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Nígbà tó di omi kẹta, omi mọ́ gaara. Mo gbé àwòrán sójú oòrùn: dúdú rẹ̀ ti bó, funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ.

Aṣọ ìnujú lásán ni wọ́n ń dì mọ́ imú níbi iṣẹ́ yẹn. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń ká a sí i lápò láràárọ̀. Ẹni tó ń gbé òkúta bí ẹni gbé ìrọ̀rí, èmi ni mò ń dì í mú dé balùwẹ̀ báyìí.

Fi owó ránṣẹ́. Dókítà ní mo ti ba àwòrán jẹ́, kí á wá ya òmíràn. Mi ò yà á, a ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Owó onífọ́tò ni mò ń bèèrè. Láti ìgbà tí mo ti bí i, àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé yìí, egungun ìhà ló wà níbẹ̀, kò ní ojú. Tètè fi ránṣẹ́ nígbà tó ṣì lè dìde dúró. Bí o bá lè wá fúnra rẹ, ẹ ó jọ dúró.

Ẹ̀mí rẹ á gùn, èémí rẹ ò ní já lágbede ọ̀nà, o ò ní fọwọ́ sin ọmọ. Àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Mo ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo ti kọ ọ́.

Èmi ìyá rẹ.