Fèrè Ewúrẹ́ Oníbàtà Tó Ń Pe Àjọkẹ́ Sójú Títì

Ojúlé kejì sí mọ́ṣáláṣí,
Lotto, Mowe.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1988.

Sàhéèdì Àkànní, ọmọ mi,

Òjò tó ń rọ̀ sí wa níbí, mo mọ̀ pé ó ń rọ̀ sí yín ní Èkó náà, nítorí náà mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àìrójú. Ìyàwó wa Ọmọ́níkẹ́ ńkọ́, tí dókítà ní kó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù títí yóò fi bímọ? Ọlọ́hun yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.

Kí n tó lọ síwájú, ọmọ rẹ Mùnírátù wà láàyè, ó ń jẹ èkuru lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo kọ́kọ́ kọ èyí nítorí pé mo mọ àyà rẹ. Ṣùgbọ́n má tíì rẹ́rìn-ín. Wá àga kan jókòó, kí o sì ka ìwé yìí tán kí o tó dìde, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, orí ló kó wa yọ.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. N kò bẹ Bùrẹ́ímọ̀ akọ̀wé mọ́. Láti ìgbà tí Tíṣà Adéṣọlá ti kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé dé ibi tí mo fi lè dá kà, mo gba èyí tí Bùrẹ́ímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi kọ sí ọ, mo kà á kó tó lẹ̀ ẹ́ pa, àfi bí mo ṣe rí i pé ó ti fi orúkọ mi tọrọ ṣòkòtò. Ìgbà náà ni mo tó mọ ibi tí ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá gbà lọ. Èmi tí n kì í wọ ṣòkòtò, o kò tilẹ̀ bi mí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lo ní yóò lò lọ́dọ̀ mi nígbà tí o mú un wá, oṣù kẹta la ti wà yìí. N kò ráhùn o. Ọmọ mi ni, ọmọ ọmọ mi sì ni. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kì í sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò mọ ìkúnlẹ̀. Láàárọ̀ yóò na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé owó-orí, yóò ní gúmọ́nì Màmá Mowe. Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó rí i pé mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, á kúnlẹ̀, èmi á máa kì í, Àjọkẹ́ báyìí, Àjọkẹ́ bọ́hùn-ún, kò sì gbọdọ̀ dìde títí n ó fi pa ẹnu mi dé. Ó kọ́ ọ, kò sì gbàgbé rẹ̀. Fi èyí sọ́kàn.

Ọkùnrin kan wà lódìkejì títì márosẹ̀, Lásúnkànmí lorúkọ rẹ̀, ará apá odò Ọ̀ṣun ni, bátìrì ọkọ̀ ló ń ṣáàjì. Nítorí pé kò sí iná ìjọba, ó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ bátìrì, ó sì gbé gbohùngbohùn kọ́ sórí òpó kí àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí agogo márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, eré kàtúùnù àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Ewúrẹ́ kékeré kan ni, bàtà ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó jáde, fèrè á kọ́kọ́ dún, fíntín fíntín, á dùn bíi kí ènìyàn tẹ̀ lé e bọ́ sódò, aago á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ òyìnbó á pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ tí Mùnírátù kọ́kọ́ gbọ́ orin yìí níbí, ẹ̀wà ló ń bá mi ṣà. Ó da àtẹ nù, ó sáré. Etí yẹ̀rì rẹ̀ ni mo rí dì mú létí títì, tírélà kan sì kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè lórí mi. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, láti ìrun Àlàásárì ni mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí fèrè sì ti dún, ó ń fà mí bí ajá ọdẹ. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tiwa, gbígbọ́ tó ń gbọ́ ọ gan-an ni yóò sọ ọ́ nù.

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, bí ohùn kan bá ń pe ọmọ, tí a kò rí ẹni tó ni ohùn, a kì í jẹ́. Mo bá wọ bùbá mi tó dára, mo lọ bá olóhùn. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Lásúnkànmí títí fèrè fi dún, mo sì fi ojú ara mi rí i pé ewúrẹ́ yẹn gan-an ló ń fun ún. Mo kí ewúrẹ́ náà kú iṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé àlejò lọmọ náà lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ ń bẹ ní ọsibítù, kó jọ̀wọ́ dá a sí. Kò wò mí.

Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Màmá Sàhéèdì, àwòrán ni, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Mo ní Tíṣà ya ewúrẹ́ sára bọ́ọ̀dù wa, kò dún. Ó ní àwọn kan ló fun fèrè náà lọ́tọ̀ lókè òkun, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì fi sábẹ́ àwòrán. Mo ní ta ni onífèrè ọ̀hún, níbo ló wà nísinsìnyí? Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ó lè ti sùn, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣú pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn àti tiwa. Mo ní ẹni tó ti sùn ló ń pe ọmọ mi sójú títì, ìwọ wá ní kí n má bẹ̀rù.

Ó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì wá, òun á gba orin náà sínú rẹ̀ fún mi. Inú mi dùn, nítorí bí a bá rọ epo láti inú kèrègbè sínú ìgò, kèrègbè á gbẹ ni. Mo mọ̀ pé bí orin náà bá ti kó wá sínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni yóò máa gbé, ọmọ kò sì ní ìdí láti sọdá mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì wáàsì ni mo mú lọ, kò sí òmíràn. Ó gbà á sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó gbà á tán, àfi bí fèrè ṣe tún dún lórí òpó rẹ̀! Mo ránṣẹ́ sí i pé kò rọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ránṣẹ́ padà pé bó ṣe ń rí nìyẹn, kì í tán.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé àná. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, oòrùn ń mú, ọmọ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi amọ̀ mọ ilé. Mo ní jẹ́ kí n dá a lára yá. Mo tẹ bọ́tìnnì tí Lásúnkànmí fi hàn mí, ọ̀kan ṣoṣo náà ni mo mọ̀. Fèrè dún. Mo retí kó sáré wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò rí i. Orin náà parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo pè é, n kò gbọ́. Mo yọjú sẹ́yìnkùlé, amọ̀ nìkan ni mo bá.

Àkànní, mo fi rédíò há abíyá bó ṣe ń dún, mo sáré jáde. Ọmọ rẹ dúró sórí koríko àárín títì márosẹ̀. Bó ṣe sọdá ti àkọ́kọ́, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Ọkọ̀ Ìbàdàn ń já bọ̀ láàárín èmi àti òun, ọkọ̀ Èkó ń já lọ lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ sọ́tùn-ún, ó ń fẹ́ sósì.

Mo la ẹnu láti pè é. Mo tún pa á dé. Ẹyin lohùn. Bí mo bá pè é, yóò jẹ́ mi, bó bá sì jẹ́ mi, yóò sáré bọ̀. Èmi tí mo ti ń bínú pé kì í jẹ́ ìpè, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kó má baà jẹ́ mi. Ṣùgbọ́n rédíò tó wà lábíyá mi kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Fèrè tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mùnírátù gbọ́ ọ, ó yíjú, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín iwájú tó ká yẹn, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀dà.

Lọ́rì agbépákó kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Mo ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ọ̀kan mú kí orin máa sáré bí eku, òmíràn mú un ké sí i. Mo dojú rédíò dé, mo já ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, mo da gbogbo bátìrì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ ṣì wà lórí ọ̀dà. N kò ní ohun mìíràn mọ́, Àkànní. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè.

Ó wò mí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀.

Lọ́rì yẹn bọ́ sáàárín wa. Ó gùn, o, ó gùn ju ilé wa lọ, pákó inú rẹ̀ ń han gooro, n kò rí nǹkan kan lódìkejì. Nígbà tí ìdí rẹ̀ kọjá, ọmọ ṣì wà lórí eékún rẹ̀ nínú koríko.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. N kò gbọdọ̀ pa ẹnu dé, nítorí bí mo bá pa á dé, yóò dìde. Lásúnkànmí ti rí wa lápá tirẹ̀, ó ń juwọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Èkó kò fún un láàyè, táńkà méjì tẹ̀lé ara wọn. Mo ki Àjọkẹ́ tán. Mo ki orílẹ̀ wa tán. Mo ki bàbá rẹ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ki ìyàwó wa lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo ki Tíṣà Adéṣọlá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, mo ki amọ̀ tí ọmọ ń mọ. N kò sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kan ju kọ́bọ̀ lù mí, wọ́n rò pé bárà ni mò ń ṣe. Èmi ń kì. Ìgbà tí Lásúnkànmí sọdá, tó gbé e kọ́ ọrùn, ni mo tó pa ẹnu mi dé, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

N kò nà án. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní Dádì. Ó ní nílé yín, bí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ewúrẹ́ sì tó so okùn bàtà rẹ̀ tán, Dádì á ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti ṣíwọ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní òun kì í wo ewúrẹ́ náà, ìlẹ̀kùn lòun máa ń wò. Lánàá tí mo tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, ó rò pé o tètè ṣíwọ́ ni, ó wá ń lọ dúró dè ọ́ níbi tí ọkọ̀ já yín sí lọ́jọ́ tí ẹ wá, lódìkejì.

Sàhéèdì, gbogbo ìgbà tí mo ń bínú sí onífèrè òyìnbó, ìwọ ni. Mo mọ̀ pé ọsibítù lo máa ń gbà lọ bí o bá ti ṣíwọ́. N kò dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń dùbúlẹ̀, ọmọ kan ń dúró, ìwọ ni àwọn méjèèjì ń retí.

Wá lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí. N kò tíì sọ fún un, nítorí ohun tí a bá ṣèlérí fún ọmọdé, ó ti di gbèsè. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, bá mi mú owó díẹ̀ dání fún kẹrosíìnì àti ìwé tí mo fi ń kọ̀wé ní kíláàsì, nítorí tèmi ti kún. Ra ẹ̀wù kan fún Lásúnkànmí, kì í gba owó. Má ra bátìrì rédíò. Mi ò fẹ́.

Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O kò ní sin ọmọ, ọmọ ni yóò sin ọ́. Ibi tí o bá ti ń jáde, ayọ̀ ni wọn yóò máa fi dúró dè ọ́. Ìyàwó wa yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àmín, àmín.

Bí o bá ń bọ̀, má jẹ́ kí awakọ̀ já ọ sí òdìkejì. Jẹ́ kó gbé ọ kọjá, bó bá ṣe Ṣágámù ni, kí o wọ ọkọ̀ mìíràn padà, kí o lè sọ̀ sí apá tiwa. Bí o bá sì rí Mùnírátù lókèèrè, má ṣe pè é. Rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o tó lanu.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàfísátù.